Ọ̀wẹ̀ yàrà Kétu: báwo ni ká ṣe pín ènìyàn 60 tí a kò fi ní ba odi jẹ́?

Ọmọ Ìdí Odi (Kétu)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ kan já lé wa lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dá ọjọ́.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa ti gba àṣẹ láàfin àti ní mẹrí (ilé ìjọba ìbílẹ̀) láti ro apá kan yàrà àti odi àtijọ́, níbi tí kò jìnnà sí Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Gígùn rẹ̀ tó 150 mítà. Koríko ti bò ó mọ́lẹ̀, dóńgóyárò ti hù lórí odi, àwọn kan sì ti sọ inú yàrà di ààtàn. Ènìyàn 60 ló ti fi orúkọ sílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì 25, ọmọ ẹgbẹ́ wa 20, ìyá ọlọ́jà 10, ọdẹ 5. Àárọ̀ Sátidé mẹ́ta ni a ní, láti ìparí oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, a fẹ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí a ó mú àlejò rìn yí ibẹ̀ ká, tí a ó sì ṣàlàyé bí ogun Dàhòmì ṣe kó ìlú ní 1886.

Ṣé kí gbogbo 60 wá lẹ́ẹ̀kan náà ni? Irinṣẹ́ wo ni ká kó wá, èwo ni ká fi sílẹ̀ nílé? Kí ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Mo tún gbọ́ pé ní pápá ogun Gettysburg lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú ló ń fi ara wọn jìn fún púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí. Ṣé ohun kan wà níbẹ̀ tí a lè mú lò nílé?

Alámọ̀ (Kétu)

Àbúrò, o kú ìgbìyànjú. Má kó 60 wá lẹ́ẹ̀kan. Iye olórí ọ̀wọ́ tí o bá ní ni kó sọ iye ènìyàn tí o máa gbà lójúmọ́, kì í ṣe iye orúkọ tó wà nínú ìwé. Àgbàlagbà 8 fún olórí kan, akẹ́kọ̀ọ́ 5 fún olórí kan. Bí ẹni mẹ́rin bá wà tí wọ́n lè sọ pé “dúró” tí ènìyàn á dúró lóòótọ́, fi méjì ṣe olórí àgbà, méjì ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́. Ènìyàn 26 nìyẹn. Òun ni iṣẹ́ Sátidé kan. Àwọn yòókù á wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Ìdí rẹ̀ ni pé iyẹ̀pẹ̀ lásán ni odi yìí. Ilẹ̀ tí àwọn baba wa gbẹ́ nínú yàrà ni wọ́n kó sókè tó di odi, nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni odi àti yàrà. Ẹni tó bá gbẹ́ ìsàlẹ̀ yàrà kó lè “mọ́ dáadáa” ti fa ẹsẹ̀ odi yọ nìyẹn. Kò ní wó lójú rẹ̀. Òjò ọdún tó ń bọ̀ ni yóò wó o, ojú onítọ̀hún kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́.

Irinṣẹ́: àdá, ráákì, àmúga onígi gígùn, wíìlìbárò, àpò ìrẹsì òfìfo fún pàǹtí. Fáìlì méjì láti fi pọ́n àdá, torí àdá kíkú ló ń mú kí ènìyàn máa fi agbára jù ú, ibẹ̀ ni àdá ti ń yọ̀ lọ́wọ́. Fún ènìyàn 26, àdá 10 tó. Ẹni tí kò ní àdá lọ́wọ́ ń kó koríko, ń ráákì, ń ṣa nájílọ́ọ̀nù. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ di àdá mú.

Ọkọ́ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Má sọ fún wọn pé kí wọ́n má lò ó. Sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ nílé. Bí ọkọ́ bá ti wà nílẹ̀, ẹnìkan á gbé e. Koríko tí ẹ bá gé, ẹ gé e kó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lórí ilẹ̀, ìyẹn 10 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di iyẹ̀pẹ̀ mú. Bí ẹ bá ro ó mọ́ fẹ́ẹ́ bí àgbàlá, òjò àkọ́rọ̀ á bá ilẹ̀ níhòòhò, ọ̀gbàrá á sì là á ní poro poro. Àwọn àgbà tó bá ń kọjá á ní ẹ kò ṣiṣẹ́, pé koríko ṣì wà nílẹ̀. Ẹ ti ṣàlàyé fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyá kan á lọ gbé ọkọ́ rẹ̀ wá fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń ro oko.

Dóńgóyárò: èyí tí kò bá nípọn tó ọrùn ọwọ́, ẹ gé e ní ìdí pátápátá, ẹ má fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú odi. Bí ẹ bá fà á, á gbé iyẹ̀pẹ̀ tó kún agbọ̀n jáde, ihò tó fi sílẹ̀ á sì máa gba omi. Yóò rúwé padà, ó dájú. Ẹ kọ ibi tí kùkùté wà sínú ìwé, kí ẹnìkan máa padà wá gé ọ̀mùnú rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ igi í gé, nítorí bí ìtì rẹ̀ bá ṣubú lé odi, ó ti parí. Igi ńlá mìíràn, pàápàá ìrókò, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè láàfin, ìbáà jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀.

Ẹ má finá sí koríko. Ó yá lóòótọ́, ó sì wu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n iná ń sọ ilẹ̀ tí ẹ ń dáàbò bò di ìhòòhò, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì lè gbé e wọ oko olóko. Koríko gígé kò gbọdọ̀ wọ inú yàrà. Ó máa ń dí ojú omi, omi á dúró, ẹsẹ̀ odi á rọ̀. Ẹ kó o lọ ní 10 mítà síta, lápá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára odi.

Ibi tó bá ti ya ńkọ́? Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí i, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ fún yín ní àpò mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ jáde. Omi á kó sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á di ẹrẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan bí èèpá. Amọ̀ ni wọ́n fi ń tún amọ̀ ṣe, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni, kì í ṣe ti ọ̀wẹ̀.

Nípa pípín ilẹ̀: ẹ kan èèkàn ní 10 mítà 10 mítà, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn, 1 títí dé 15. Èèkàn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ wọ ara odi. Ẹ̀yìn yàrà lọ́hùn-ún, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ni kí wọ́n wà. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ dúró nídìí èèkàn kan náà ya fọ́tò ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Níbi tí igbó bá ti dí, àgbàlagbà 8 kò ní ju 10 mítà lọ láàárín wákàtí mẹ́rin bí wọ́n bá fẹ̀sọ̀ ṣe é. Nítorí náà Sátidé mẹ́ta kò ní parí 150 mítà. Ẹ ṣe 6 nínú 15, ẹ fi ìyókù dé ọdún tó ń bọ̀. Èyí tí ẹ bá sáré ṣe ni ẹ máa kábàámọ̀.

Ọdẹ Òru (Kétu)

Díẹ̀ ni tèmi. Àwọn ọdẹ márùn-ún yẹn, má fi wọ́n gé koríko. Kí wọ́n wá ní ọjọ́ Jímọ̀ nírọ̀lẹ́ wá rìn ibẹ̀ yí ká, kí wọ́n wo ojú igi bóyá oyin wà níbẹ̀, kí wọ́n wo ihò. Ibi tí oyin bá wà, ẹ fi okùn yí i ká ní 30 mítà, kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀, ọdẹ kan máa ṣáájú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, á máa fi la koríko. Ìró ẹsẹ̀ máa ń lé ọ̀pọ̀ ejò, ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ kì í sá. Ó máa ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ títí ènìyàn á fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Sálúbàtà kò gbọdọ̀ wọlé. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ: ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ dá onítọ̀hún dùbúlẹ̀, ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà kó tó wú, ẹ fi igi pẹlẹbẹ méjì de ẹsẹ̀ náà kó má mì, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Kí ó má fi ẹsẹ̀ rìn, kí ẹnikẹ́ni má sì lé ejò. Kí ọjọ́ tó pé ni kí o ti béèrè ibi tí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wà gan-an, torí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí kò ní lọ ibòmíràn.

Yèrèpè ńkọ́? Bí ẹ bá rí i tí èso rẹ̀ ti gbẹ, ẹ fi sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ á fọ́n irun rẹ̀ ká gbogbo yín. Inú ìparí oṣù kẹwàá tí o mú yẹn dára, ó ṣì lè tutù. Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá kàn, kó má họra. Kó bọ́ aṣọ, kó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀.

Àwọn tó di àdá mú: mítà mẹ́ta láàárín ẹni kan àti èkejì, kí gbogbo wọn kọjú sí apá kan náà. Níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́, ẹnìkan kò gbọdọ̀ wà lókè orí ẹnìkejì.

Ọmọ Ìdí Odi (Kétu)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọkọ́ yẹn sílẹ̀; mo mọ àwọn tó máa bínú. Ohun kan ṣì kù tó ń dẹ́rù bà mí: bí àwọn ọmọ bá rí ọta ìbọn, àpáàdì tàbí egungun ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ti ń dápàárá pé àwọn fẹ́ wá wá ohun ogun. Ẹnìkan tilẹ̀ ní òun máa yá ẹ̀rọ tó ń dún bó bá kan irin.

Alámọ̀ (Kétu)

Ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gettysburg tí o mú wá, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa kọ́ níbẹ̀: èèwọ̀ ni láti fi ẹ̀rọ awárin wá ilẹ̀ pápá ogun náà, ìbáà jẹ́ olùyọ̀ǹda, ìbáà jẹ́ àlejò.

Wò ó, ohun tí wọ́n bá rí kò níye lórí bí ibi tí wọ́n ti rí i. Ká ní ọta mẹ́ta wà nílẹ̀ nídìí èèkàn 6. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fi ibi tí wọ́n wà mọ nǹkan nípa bí ogun ṣe lọ níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò, irin ìpáǹle mẹ́ta ló kù. Bákan náà ni ìdàrọ́ àti àpáàdì. Ibi tí ìdàrọ́ bá pọ̀ sí, alágbẹ̀dẹ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí.

Ohun tí a ń ṣe rèé. Olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá tí a so aṣọ pupa mọ́ lórí. Ẹni tó bá rí nǹkan á sọ pé “mo rí”, á dúró síbẹ̀, kò ní gbé e. Olórí á fi igi gún ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe lórí rẹ̀. Á fi rúlà tàbí owó ẹyọ 100 sẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan náà, á ya fọ́tò méjì: ọ̀kan ní ìsúnmọ́, ọ̀kan láti òkèèrè tí nọ́ńbà èèkàn á hàn nínú rẹ̀. Á kọ wákàtí, nọ́ńbà èèkàn, àti bó ṣe jìnnà sí èèkàn tó. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi koríko díẹ̀ bò ó, wọ́n á kọjá. Nírọ̀lẹ́, ìwé náà á lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó fún yín láṣẹ. Ohun àjogúnbá ìlú ni, kì í ṣe ti ẹni tó rí i.

Bí egungun bá jọ ti ènìyàn, gbogbo apá náà dúró, kì í ṣe ẹni tó rí i nìkan. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá àti ààfin. Kí ẹnikẹ́ni má yà á sórí WhatsApp. Sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́, má rò pé wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìyá Olùṣírò (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn bàbá ti sọ̀rọ̀ odi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, torí ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ti ń dàrú jù.

Ọmọ mi, ọ̀wẹ̀ lo pè é, má gbàgbé ohun tí ọ̀wẹ̀ ń béèrè. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀wẹ̀. Bí o bá pè é ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lásán, tí o kò gbé oúnjẹ kalẹ̀, ìdajì kò ní padà wá ní Sátidé kejì. Fún ènìyàn 30, pẹ̀lú àwọn olórí: ẹ̀wà kílò 4 àti ààbọ̀, gàrí kílò 3, epo lítà 1 àti ààbọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ lálẹ́ ni kí ẹ ti rẹ ẹ̀wà. Àwọn ìyá ọlọ́jà 10 yẹn, má rò pé oúnjẹ nìkan ni wọ́n wúlò fún. Béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọn méjì nínú wọn á jẹ́ olórí ọ̀wọ́ tó dára ju ọ̀dọ́kùnrin rẹ kankan lọ, torí ẹni tó ti ń ṣètò ìsọ̀ ọjà mọ bí a ṣe ń sọ pé “ó tó”. Oúnjẹ jẹ́ ti ìparí iṣẹ́, aago 10 àbọ̀. Ẹni tó bá ti jẹun yó kì í fẹ́ tẹ̀ba mọ́.

Omi: lítà 2 fún ẹnìkan láàárín wákàtí mẹ́rin. Bídọ̀n onílítà 25 mẹ́ta fún mímu, ọ̀kan fún fífọ ọwọ́. So okùn pupa mọ́ ọrùn èyí tí a fi ń fọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má bù ú mu. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 10 lábẹ́ ìbòòji, kó jẹ́ dandan. Ọ̀dọ́ kì í sọ pé ó rẹ òun. Fún ẹni tí òòyì bá ń kọ́: lítà omi kan tó mọ́, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí kò ga, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí iyọ̀ má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé orúkọ: orúkọ, fóònù, fóònù ẹni tí a máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àìsàn tó yẹ ká mọ̀ (ikọ́ fée, fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tí oyin kì í bá lára mu), ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn, aago tó dé, aago tó lọ. Òpó méjì ìkẹyìn yẹn ni àwọn ènìyàn ń fò. Ẹni tí kò kọ aago tó lọ, ẹ ó máa wá a nínú igbó títí ilẹ̀ á fi ṣú, òun á sì wà nílé tó ń sùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí tíṣà wọn kan sì wà níbẹ̀.

Owó: bí ẹ bá máa fún ènìyàn ní owó sẹ́míjàn (ọ̀kadà), kó jẹ́ iye kan náà fún gbogbo wọn, kí wọ́n gbà á níwájú ara wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá yọ́ fún ọdẹ ní ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà tí ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ìlú ti gbọ́. Ó sàn kí a má fún ẹnikẹ́ni rárá.

Ohun kan ṣì kù. Òṣèlú kan á gbọ́. Á gbé fìlà àti aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, á ní òun fẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ẹ gba omi rẹ̀, ẹ gba ẹ̀wà rẹ̀, ẹ má gba aṣọ rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé ìpè láti ìbẹ̀rẹ̀ pé aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú kò wọlé, kó má dà bíi pé òun nìkan lẹ kọ̀.

Kí o sì wo kàlẹ́ńdà. Sátidé ni ọjọ́ òkú níbí. Bí olókìkí kan bá ń sìnkú ní Kétu lọ́sẹ̀ náà, ìwọ àti olórí ọ̀wọ́ rẹ nìkan lẹ máa gé koríko. Ṣírò ọjọ́ ọjà pẹ̀lú, torí ó máa ń bọ́ sí Sátidé nígbà mìíràn, àwọn ìyá kò sì ní fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀.

Amọ̀nà (Ṣábẹ́)

Mo gbà pẹ̀lú Alámọ̀ lórí ohun gbogbo àyàfi ohun kan. Ó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa kó koríko. Ọmọ ọdún 16 tó kó koríko ní Sátidé mẹ́ta láìmọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Yan mẹ́fà nínú wọn, kí wọ́n máa kọ ìwé èèkàn, kí wọ́n máa ya fọ́tò. Àwọn wọ̀nyẹn ni kó ṣe amọ̀nà lọ́jọ́ àlejò, torí àwọn ló mọ èèkàn 5 yàtọ̀ sí èèkàn 6.

Ọ̀rọ̀ Gettysburg: ogun ọjọ́ mẹ́ta ni, ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta oṣù keje 1863. Ohun tó wúlò fún ọ níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ kan lè gba ojú ibi kan, kí ibẹ̀ di tirẹ̀ láti máa tọ́jú, kó máa padà wá lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún. Ìyẹn bá nọ́ńbà èèkàn yín mu rẹ́gí. Kí ọ̀wọ́ tó ṣe èèkàn 3 ní oṣù kẹwàá jẹ́ ọ̀wọ́ tó máa padà wá gé ọ̀mùnú dóńgóyárò èèkàn 3 ní oṣù kìíní. Ẹni tí kò bá padà wá kì í rí ohun tí òun bàjẹ́.

Ọjọ́ àlejò wàyí. Àlejò 20 fún amọ̀nà kan, pẹ̀lú onídìí kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan ju “ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí odi” lọ. Ẹ ó nílò rẹ̀. Gbogbo ọmọdé ló ń gun odi, àwọn bàbá wọn náà sì ń gùn ún láti ya fọ́tò. Ẹ ta okùn ní mítà 2 sí ẹsẹ̀ odi. Ẹsẹ̀ 200 tó tẹ odi láàárọ̀ ọjọ́ kan ju òjò lọ. Ibùdúró mẹ́rin, ìṣẹ́jú 6 sí 8 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrìn gbogbo kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 àbọ̀, kí ọ̀wọ́ ìkẹyìn ti jáde ní aago 10. Ọ̀wọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn ní ìṣẹ́jú 15, kí ohùn wọn má dà pọ̀. Ọlọ́kọ̀ àti oní-sẹ́míjàn dúró sí ọ̀nà ńlá. Ẹni méjì pẹ̀lú fèrè níbẹ̀.

Ní ti ohun tí amọ̀nà máa sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lábẹ́ ọba Glele, ló kó Kétu ní 1886; wọ́n jó ìlú, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Nígbà tí Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì tó jẹ lẹ́yìn Glele, tó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894, àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé tún ìlú tẹ̀ dó lọ́dún náà. Ìwọ̀nyí ni ọdún tí ẹ lè sọ láìgbọ̀n. Ìtàn àwọn òmìrán méjì tí wọ́n ní àwọn ló mọ odi, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú, ó dùn, àmọ́ ẹ fi “àwọn àgbà sọ fún wa pé” ṣáájú rẹ̀. Àlejò máa ń bínú bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ tó bá padà mọ̀.

Ibi tó gbẹgẹ́ rèé. Àwọn Fọ̀n, ẹ̀yà tó ni ìjọba Dàhòmì, máa wà láàárín àwọn àlejò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kan náà sì lè jẹ́ Fọ̀n. Amọ̀nà kò gbọdọ̀ sọ pé “ẹ̀yin lẹ kó wa”. “Àwọn ọmọ ogun Glele” ni kó sọ. Mo mọ̀ pé ó jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ fi í dánrawò, torí ahọ́n máa ń yọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi ẹrú. Bákan náà, ohun tó jẹ́ awo nídìí Akaba Idena, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ló ni í. Bí àlejò bá béèrè, ìdáhùn ni pé “ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni í”, kí ẹ sì kọjá sí ibùdúró tó kàn.

Ọmọ Ìdí Odi (Kétu)

Ẹ ṣeun, ẹ kú àánú mi. Ohun tí mo ti yí padà nìyí: ènìyàn 26 ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, èèkàn 1 dé 6 nìkan. Ìyá ọlọ́jà méjì ni olórí ọ̀wọ́ àgbà, ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Ọdẹ márùn-ún fún ìyẹ̀wò ọjọ́ Jímọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà fún ìwé àti fọ́tò. Mo ti ṣírò ọjọ́ ọjà, Sátidé kejì ló bọ́ sí i, mo ti sún un síwájú lọ́sẹ̀ kan.

Ìbéèrè kan péré: pàǹtí inú yàrà, àwọn nájílọ́ọ̀nù àti ìgò yẹn, ṣé kí a kọ́kọ́ kó o ni àbí lẹ́yìn tí a bá gé koríko?

Alámọ̀ (Kétu)

Lẹ́yìn. Bí o bá kó o ṣáájú, o kò ní rí ìgò tó fọ́ lábẹ́ koríko, ọwọ́ lẹ máa fi rí i. Ẹ gé koríko, ẹ kó o kúrò, kí àwọn tó wọ ìbọ̀wọ́ nípọn wá fi àmúga ṣa ohun tó wà lójú ilẹ̀ nìkan. Èyí tí ilẹ̀ ti bò dé ìdajì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má wú u. Ìgò tó bá ti pẹ́, tó nípọn, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, aṣọ pupa ni kí ẹ kàn síbẹ̀ bíi ti ọta.

Ìyá Olùṣírò (Àjàṣẹ́)

Kí o sì ti bá àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní mẹrí sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ Jọ́bọ̀, kí wọ́n wá gbé àpò náà ní Sátidé kan náà. Bí ó bá sùn lẹ́bàá yàrà mọ́jú, ewúrẹ́ á tú u, ẹ ó sì bá a nínú yàrà ní ọjọ́ Àìkú.